Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ: Bí àwọn agbẹ̀bí ṣe ń fi ọmọláńgidi kọ́ bí wọ́n ṣe lè gba ẹ̀mí ìyá àti ọmọ là

Kò sí ilé Yorùbá tí aboyún wà tí a kì í ti gbọ́ àdúrà pé kí Ọlọ́run sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Àwọn àgbà tó ń gba àdúrà náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, pé obìnrin lè wọ yàrá ìrọbí ní àlàáfíà, kí ohun gbogbo máa lọ bó ti yẹ, kí nǹkan sì dédé yí padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ bá dé, ohun tí àwọn tó dúró ti aboyún náà bá ṣe ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń pinnu bóyá ohùn méjì la ó gbọ́, tàbí ọ̀kan ṣoṣo, tàbí kí a má gbọ́ ìkankan.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé púpọ̀ nínú àwọn ewu tó burú jù lọ nínú ìbímọ kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Agbẹ̀bí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú lè lo ọdún púpọ̀ láìfojú kan òmíràn nínú wọn rí. Ọjọ́ tó bá wá kàn án, kò sí àyè láti ṣí ìwé wò, kò sì sí àyè láti pe ọ̀gá tó wà nílé lórí fóònù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan kan.

Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìwòsàn ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìdánrawò. Wọn kì í dúró de ewu kí wọ́n tó kọ́ bí a ṣe ń kojú rẹ̀. Wọn yóò fi ọmọláńgidi ṣe ọmọ, wọn yóò fi òṣìṣẹ́ kan ṣe aboyún tó ń rọbí, wọn yóò sì ṣe bí ẹni pé ewu náà ti dé, kí dókítà, agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń kun ènìyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ lè jọ ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ẹ̀kọ́ tó ti jáde láti inú ètò yìí láti ohun tó lé ní 20 ọdún ni pé kì í ṣe ọmọláńgidi olówó ńlá ló ń gba ẹ̀mí là bí kò ṣe pé kí àwọn tí yóò jọ kojú ewu náà jọ máa dánra wò, nínú ilé ìwòsàn tiwọn gan-an, kí wọ́n má sì jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe.

ÀWỌN EWU TÓ ṢỌ̀WỌ́N

Ọ̀kan nínú àwọn ewu wọ̀nyí ni kí èjìká ọmọ há. Orí ọmọ á ti jáde, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ á há sẹ́yìn eegun iwájú ìbàdí ìyá rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì lè mí, ìwọ́ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un sì lè ti fún pọ̀. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá, ewu pé ọpọlọ rẹ̀ yóò bàjẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ gan-an. Ohun tó máa ń wá sí ọkàn ẹni tí kò kọ́ ọ ni pé kí ó fa orí ọmọ náà tagbára-tagbára, tàbí kí ó ní kí ẹnì kan máa ti òkè ikùn ìyá wálẹ̀. Méjèèjì ló léwu. Fífà lè já àwọn iṣan tó gba ọrùn ọmọ lọ sí apá rẹ̀, kí apá náà rọ títí ayé. Títi òkè ikùn náà ń mú kí èjìká túbọ̀ há ni, ó sì lè fa ilé ọmọ ya.

Ohun tó yẹ ni kí àwọn méjì ká ẹsẹ̀ ìyá méjèèjì sókè, kí itan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ikùn. Ọ̀nà McRoberts ni àwọn dókítà ń pe èyí. Ẹlòmíràn yóò fi ọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn, lókè eegun náà gan-an, kí èjìká lè yẹ̀. Bí ìyẹn kò bá gbà, agbẹ̀bí yóò ti ọwọ́ wọ inú láti yí èjìká ọmọ padà, tàbí láti kọ́kọ́ mú apá rẹ̀ tó wà lẹ́yìn jáde. Ẹni kan ṣoṣo kò lè dá gbogbo èyí ṣe.

Òmíràn ni kí ìwọ́ yọ jáde ṣáájú ọmọ. Orí ọmọ á wá máa tẹ ìwọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní ráyè kọjá. Ẹni kan gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ gbé orí ọmọ kúrò lórí ìwọ́ náà títí wọn yóò fi dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìrì tó ń mú aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ilé ọmọ tó yí inú síta lẹ́yìn ìbímọ, àti ọkàn ìyá tó dédé dúró.

Ìṣirò díẹ̀ yóò fi bí wọ́n ṣe ṣọ̀wọ́n tó hàn. Nínú 1,000 ọmọ tí a bí láìsí iṣẹ́ abẹ, nǹkan bíi mẹ́fà tàbí méje ni èjìká wọn ń há. Agbẹ̀bí tó bá ń gba ọmọ 50 lọ́dún lè lo ọdún mẹ́ta kí ó tó rí ẹyọ kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé nínú nǹkan bí 36,000 aboyún, ẹyọ kan ni ọkàn rẹ̀ ń dúró. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń bí ọmọ 3,000 lọ́dún lè lo ọdún 12 kí ó tó bá irú rẹ̀ pàdé, púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó rí i nígbà náà yóò sì ti lọ kí òmíràn tó dé. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìrírí lòun yóò gbára lé kò ní rí ìrírí náà nígbà tó bá nílò rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Ìdánrawò náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Òṣìṣẹ́ kan yóò dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn bí aboyún, tàbí kí wọ́n de ohun èlò tó dà bí ikùn àti ìbàdí obìnrin mọ́ ọn lára, kí ọmọláńgidi lè gba inú rẹ̀ jáde. Ilé iṣẹ́ Laerdal ti orílẹ̀-èdè Norway, tó ṣe ọmọláńgidi Resusci Anne jáde ní 1960 láti fi kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń jí ẹni tí èémí rẹ̀ ti dá, ló ṣe ọ̀kan tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. MamaNatalie ni wọ́n ń pè é. Olùkọ́ ló ń gbé e kọ́ra, ó sì lè tú omi pupa jáde láti inú rẹ̀ kó dà bí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà.

Bí ìdánrawò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yóò ṣe bí ẹni pé òótọ́ ni. Agbẹ̀bí yóò pariwo pe ìrànlọ́wọ́, yóò sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbangba, láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ẹnì kan yóò gba ipò aṣáájú. Ẹnì kan yóò máa kọ àkókò sílẹ̀: ìgbà tí orí jáde, ìgbà tí wọ́n pe dókítà, ìgbà tí wọ́n fún ìyá ní abẹ́rẹ́. Ẹnì kan yóò máa bá ìyá sọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀rù ń ba òun náà, ó sì yẹ kí ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún un.

Nígbà tó bá parí, gbogbo wọn yóò jókòó wo ohun tó lọ dáadáa àti ohun tó fì síbì kan, láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ibí yìí gan-an ni èrè ìdánrawò ti ń jáde. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé, pé fóònù yàrá iṣẹ́ abẹ kò ṣiṣẹ́, tàbí pé ibùsùn tí wọ́n fẹ́ fi gbé aboyún kò gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ó sàn kí ọmọláńgidi tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ ju kí obìnrin tó ń rọbí tú u lọ.

ỌGBỌ́N NÁÀ TI PẸ́

Kì í ṣe ayé òde òní ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ilẹ̀ Faransé, ní 1759, ọba Louis XV pàṣẹ pé kí agbẹ̀bí kan tó ń jẹ́ Angélique du Coudray máa lọ káàkiri láti kọ́ àwọn obìnrin abúlé ní iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, nítorí ikú ìyá àti ọmọ tó pọ̀ jù. Púpọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ kọ́ kò mọ̀wé. Obìnrin náà wá fi aṣọ àti awọ rán ohun èlò kan tó dà bí ìbàdí obìnrin, ó sì rán ọmọ tí yóò máa gba inú rẹ̀ jáde. Ó gbé e dé ìlú tó lé ní 40, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló sì fi ọwọ́ ara wọn dánra wò lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú Rouen.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ BRISTOL

Ilé ìwòsàn tí wọ́n mọ̀ jù lọ fún ètò yìí ní ayé òde òní ni Southmead, ní ìlú Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ọdọọdún níbẹ̀ fún gbogbo àwọn tó ń tọ́jú aboyún, láìyọ dókítà àgbà sílẹ̀. Dókítà Timothy Draycott wà lára àwọn tó ṣáájú nínú rẹ̀. Ètò náà ni wọ́n wá sọ ní PROMPT, ó sì ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Wọ́n ka àwọn ọmọ tí wọ́n bí kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 fi hàn pé àwọn ọmọ tí ara wọn kò tíì jí dáadáa ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ìbí dín kù láti 86.6 sí 44.6 nínú ọmọ 10,000. Àwọn tí àìrí afẹ́fẹ́ tó ṣe ọpọlọ wọn ní jàǹbá dín kù láti 27.3 sí 13.6.

Ní 2008, wọ́n tún gbé àbájáde ti èjìká tó há jáde. Ṣáájú ìdánrawò, nínú ìgbà 100 tí èjìká bá há, ìgbà 29 péré ni wọ́n ń lo ọ̀nà McRoberts. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ìgbà 87. Àwọn ọmọ tó ń fara pa nínú irú ìbí bẹ́ẹ̀ dín kù láti 9.3 sí 2.3 nínú 100. Nígbà tí wọ́n sì ṣírò ọdún 12 tí ètò náà ti wà, nínú ìwádìí tó jáde ní 2016, wọn kò rí ọmọ kan ṣoṣo tí apá rẹ̀ rọ títí ayé nítorí èjìká tó há.

IBI IṢẸ́ ẸNI NI A TI Ń KỌ́ Ọ

Àwọn oníwádìí kan náà béèrè ìbéèrè tó kan gbogbo ìjọba tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé dandan ni kí wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ńlá fún ìdánrawò, tàbí inú wọ́ọ̀dù náà ti tó? Wọ́n kó 140 dókítà àti agbẹ̀bí jọ láti ilé ìwòsàn mẹ́fà, wọ́n kọ́ àwọn kan níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kó àwọn yòókù lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ fún un. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lórí aboyún tí gìrì mú, àwọn ikọ̀ tó rántí fún un ní abẹ́rẹ́ magnesium sulphate, tó jẹ́ oògùn gìrì náà gan-an, pọ̀ sí i láti 61 sí 92 nínú 100, wọ́n sì tètè fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ṣáájú ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín àwọn tó kọ́ ọ níbi iṣẹ́ wọn àti àwọn tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ńlá.

Èyí kò sọ pé ọmọláńgidi tó dára kò wúlò. Ní ti èjìká tó há, àwọn tó lo èyí tó ń wọn bí agbára tí wọ́n fi ń fa ọmọ ṣe pọ̀ tó ṣe dáadáa ju àwọn tó lo èyí tí kò ní i lọ. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló sàn ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

NÍ ILẸ̀ ÁFÍRÍKÀ

Ní ìlú Bulawayo, nílẹ̀ Zimbabwe, ilé ìwòsàn Mpilo mú ètò Bristol, wọ́n sì tún un ṣe kó bá ipò tiwọn mu. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fúnra wọn ló ń kọ́ ara wọn. Wọ́n to oògùn àti ohun èlò ewu kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa sáré wá a kiri. Ní 2011, ìyá 67 ló kú nínú ìbímọ 9,078 níbẹ̀. Ní 2014, 48 ló kú nínú 9,884. Ikú ìyá dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta.

Ti ilé ìwòsàn Haydom, nílẹ̀ Tanzania, tún kọ́ni ní ọgbọ́n mìíràn. Ìdánrawò tiwọn jẹ mọ́ ọmọ tuntun tí kò mí nígbà tó jáde. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Gbogbo wọn ṣe dáadáa lórí ọmọláńgidi, ṣùgbọ́n ìwádìí tó jáde ní 2013 fi hàn pé ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ gidi kò yí padà. Wọ́n wá yí ètò náà padà: ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ́sẹ̀, àti ìṣẹ́jú 40 lóṣù. Nígbà náà ni àwọn ọmọ tó ń kú láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ wálẹ̀ láti 11.1 sí 7.2 nínú 1,000, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tó jáde ní 2015 ti sọ. Tanzania mú ọgbọ́n náà dé ilé ìwòsàn 30, wọ́n sì fi àwọn ohun èlò mìíràn kún un. Ní 2025 ni àbájáde rẹ̀ jáde, lórí nǹkan bí 300,000 ìbímọ: àwọn ọmọ tó kú kí wọ́n tó bí wọn tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ dín kù láti 15.3 sí 12.5 nínú 1,000.

Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà ju orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lọ. Ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2025 sọ pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú nítorí oyún àti ìbímọ ní Nàìjíríà ní 2023. Ìyẹn lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní àgbáyé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tó ń fà á jù lọ.

Ẹ̀jẹ̀ dídà kò ṣọ̀wọ́n bí àwọn ewu ìṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n fi ń kojú rẹ̀. Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa jọ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní E-MOTIVE, nínú ilé ìwòsàn 80, pẹ̀lú obìnrin tó lé ní 200,000. Wọ́n ń ta ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n sábẹ́ ìyá láti mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó dà, dípò kí wọ́n kàn máa fi ojú wò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti kọjá ààlà, wọn yóò ṣe gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ pa pọ̀ láìdúró de ọ̀kan kí òmíràn tó tẹ̀ lé e: wọn yóò fi ọwọ́ pa ilé ọmọ kó lè sún kì, wọn yóò fún ìyá ní oògùn tó ń mú kó sún kì àti tranexamic acid, wọn yóò fa omi sí i lára, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò sì pe ọ̀gá. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ọmọláńgidi dánra wò lórí ìtọ́jú yìí níbi iṣẹ́ wọn. Àbájáde tó jáde ní 2023 ni pé níbi tí wọ́n ti lo ètò náà, 1.6 nínú 100 obìnrin ló kó sínú ewu tí wọ́n ń ṣọ́ fún, bóyá ẹ̀jẹ̀ tó dà lápọ̀jù, iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀, tàbí ikú. Níbi tí wọn kò ti lò ó, 4.3 ni.

IBI TÍ AGBÁRA RẸ̀ MỌ

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìdánrawò jẹ́ oògùn ajẹ́bíidán. Ní Scotland, nígbà tí wọ́n mú ètò Bristol lọ sí ilé ìwòsàn 12, àbájáde tó jáde ní 2020 fi hàn pé iye àwọn ọmọ tí ara wọn kò jí tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún kò dín kù. Ohun tó ṣiṣẹ́ níbì kan lè má ṣiṣẹ́ níbòmíràn bí àwọn tó wà níbẹ̀ kò bá sọ ọ́ di tiwọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdánrawò kò lè rọ́pò ẹ̀jẹ̀ tí a ó fà sí aláìsàn lára, iná mànàmáná, oògùn tó péye, àti òṣìṣẹ́ tó tó iṣẹ́. Ikọ̀ tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe ṣùgbọ́n tí kò rí abẹ́rẹ́ kò ní ju kí ó dúró máa wòran lọ.

Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ilé ìwòsàn aboyún nílò, èyí wà lára àwọn tí owó rẹ̀ kéré jù lọ. Kò gbà ju ọmọláńgidi kan, ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́sẹ̀, àpótí oògùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò jìnnà, àti ọ̀gá tó gbà láti dánra wò pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì bínú bí agbẹ̀bí kékeré bá sọ níbẹ̀ pé nǹkan kan ti gbàgbé. Ìdílé tó ń wá ilé ìwòsàn tí aboyún wọn yóò bímọ sí máa ń béèrè iye owó àti bó ṣe jìnnà tó. Wọ́n lè fi ìbéèrè kan kún un: ìgbà wo ni ẹ jọ ṣe ìdánrawò gbẹ̀yìn?